Ẹ́ńjìnnì kan náà ni gbogbo yín ń fi ṣakọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ sílẹ̀ gbayawu kí aráyé lè wo ẹ́ńjìnnì yín, ẹ ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àmì iwájú ọkọ̀ lẹ fi ń yangàn.

Sátidé tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi nítòsí Challenge, n'Íbàdàn. Ọkùnrin kan gbé Lexus ES 350 wá, èkejì gbé Camry tá à ń pè ní Muscle, oní-plug mẹ́fà. Oní-Lexus tẹná, sàlẹ́ńsà bú ramúramù. Oní-Camry náà tẹná, adìyẹ ìyá olóúnjẹ sá wọ abẹ́ tábìlì. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní Camry kì í ṣe ẹgbẹ́ òun, pé ẹ́ńjìnnì ọlọ́lá ni tòun. Èkejì ní kó jẹ́ káwọn pàdé ní márosẹ̀ Èkó, ẹ̀yìn ọkọ̀ òun ló máa máa wò lọ.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Ó ní, "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wò ó." 2GR-FE, ìyẹn orúkọ ẹ́ńjìnnì, ni tibí, 2GR-FE ni tọ̀hún. Lítà 3.5 ni méjèèjì, Toyota ló sì ni Lexus. Ti Camry, agbára ẹṣin 268. Ti Lexus, 272. Ẹṣin mẹ́rin péré ni wọ́n torí ẹ̀ dí wa létí!

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Sienna kan báyìí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ti 2008, èyí tí wọ́n fi ń kó èrò lọ sí Oníṣà. Kò sẹ́ni tó bojú wo ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan náà yìí ló wà nínú ẹ̀! Òun náà ni Lotus, àwọn ará Ìlú Ọba tó ń ṣe ọkọ̀ eléré, gbé sínú Evora wọn ní 2009. Mo bi awakọ̀ Sienna yẹn pé kìlómítà mélòó ni ọkọ̀ rẹ̀ ti rìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, míítà ti dákẹ́ tipẹ́." Tó bá jẹ́ pé ìyangàn la fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ ká pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Èmi náà fẹ́ràn ariwo ẹ́ńjìnnì. Plug mẹ́jọ tó bá dún dáadáa, bí ìgbà tí ìyáàlù bá ń ki bàbá mi ló ń ṣe mí. AMG, ẹ̀ka Mercedes tó ń ṣe ọkọ̀ eléré, ní ẹ́ńjìnnì lítà 6.2 kan tó wà nínú C63 àtijọ́: ẹnì kan ṣoṣo ló tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní Jámánì, ó sì buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá ní irú ìyẹn, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá bá a dì í mú.

Ohun tó ń sú mi ni kéèyàn máa ka iye ẹṣin bí ọmọ iléèwé ṣe ń ka ABD. Ìpolówó ọjà ni ìṣirò yẹn láti ilẹ̀ wá. James Watt, ará Scotland tó ń ta ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́, fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wé ẹṣin tó ń yí ọlọ, kí oníbàárà lè mọ ohun tó fẹ́ rà. Ẹṣin 268 yẹn gan-an, àfi tí ẹ́ńjìnnì bá yí ìgbà 6,200 láàárín ìṣẹ́jú kan kó tó pé. Ibo lẹ ti fẹ́ yí i débẹ̀? Ìwó Road, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? Òfin ní ká má kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, kódà ní márosẹ̀. Orí ìso ni ẹṣin yín wà. Ìlọrin náà kó ẹṣin ogun wá sí Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, àwọn ẹṣin tó ti lé gbogbo ayé kiri nílẹ̀ ọ̀dàn. Ìbàdàn tú wọn ká létí igbó.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí pé, ìwọ ńkọ́, kí lò ń gùn? Ẹ má béèrè orúkọ rẹ̀. Plug mẹ́rin ni, ó ti dàgbà, ó sì ń mu óìlì bí aláboyún ṣe ń mu omi. Òun ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Kẹ́ẹ̀gì óìlì méjì wà nínú búùtù mi bí mo ṣe ń kọ èyí.