Ààlà ìpele kọ́ ló mú elf àti ènìyàn dọ́gba

Bí ẹ bá ti bá àwọn tó pẹ́ nídìí Dungeons & Dragons (D&D), eré orí tábìlì tí a fi ń sọ ìtàn, jókòó rí, ẹ ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Elf ń lo kíláàsì méjì pọ̀, ó ń ríran nínú òkùnkùn, ó ń pẹ́ láyé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ààlà ìpele tí ìwé òfin fún un ló mú un dọ́gba pẹ̀lú ènìyàn. Ẹ yọ ààlà yẹn kúrò, kò sẹ́ni tó máa yan ènìyàn fi ṣeré mọ́." Tọkàntọkàn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì fi kọ́ àwọn tó wá bẹ̀rẹ̀ eré lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ tí mo mú ìwé àti bírò, tí mo ṣírò póìntì ìrírí láti ìpele kìíní lọ sókè, ni mo rí i pé ààlà náà kò mú ohunkóhun dọ́gba.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí: nínú eré yìí, olùṣeré kọ̀ọ̀kan ló ń darí ẹ̀dá ìtàn kan. Ẹ̀dá yẹn ní ẹ̀yà, bóyá ènìyàn ni, tàbí elf, tàbí dwarf, tàbí halfling, àwọn ẹ̀dá àròsọ tó jọ ènìyàn. Ó tún ní kíláàsì, ìyẹn iṣẹ́ tó mọ̀ ṣe: jagunjagun, oṣó, àlùfáà, olè. Bó bá ṣe ń ṣẹ́gun tó sì ń kó ìṣúra bọ̀ ni póìntì ìrírí rẹ̀ ń pọ̀ sí i, póìntì yìí ló sì ń gbé e láti ìpele kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tí à ń pè ní ààlà ni kí ìwé òfin sọ pé elf kò gbọ́dọ̀ kọjá ìpele báyìí nínú kíláàsì báyìí, nígbà tí ènìyàn ń gòkè lọ láìsí ẹni tó dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Gary Gygax àti Dave Arneson gbé D&D jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, kíláàsì mẹ́ta péré ló sì wà nínú rẹ̀: jagunjagun, oṣó àti àlùfáà. Dwarf kò lè ṣe ju jagunjagun lọ, ó sì máa dúró ní ìpele 6. Halfling náà, jagunjagun nìkan, ìpele 4. Elf lè jẹ́ jagunjagun lónìí, kó wá jẹ́ oṣó nínú ìrìn àjò tó tẹ̀lé e, àmọ́ kò lè pààrọ̀ láàárín eré. Ìpele 4 ni òpin rẹ̀ bíi jagunjagun, ìpele 8 bí oṣó.

Lọ́dún 1978, ìwé òfin fún àwọn olùṣeré AD&D (Advanced D&D, ẹ̀dà tí wọ́n mú gbòòrò sí i) la ọ̀nà méjì. Àwọn ẹ̀yà tí kì í ṣe ènìyàn ló lè da kíláàsì méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ láti ọjọ́ kìíní, tí wọ́n á máa pín gbogbo póìntì wọn sí i lọ́gbọọgba. Ènìyàn kò ní ẹ̀tọ́ yẹn. Tirẹ̀ ni pé kó fi kíláàsì kan sílẹ̀ pátápátá kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, kò sì lè gòkè nínú ti àkọ́kọ́ mọ́. Inú ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ìgbàgbọ́ tí mo ń bá jà ti wá, torí pé ẹni tó bá wò ó lójú báyìí á ní: elf gba méjì, ṣùgbọ́n ààlà wà fún un, ènìyàn gba ọ̀kan, kò sì ní ààlà. Ó dà bíi pé òṣùwọ̀n ti dúró.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò. Mo máa lo tábìlì póìntì inú ẹ̀dà kejì AD&D, èyí tó jáde lọ́dún 1989, torí pé nọ́ńbà rẹ̀ rọrùn láti tẹ̀lé. Jagunjagun nílò 2,000 póìntì kó tó dé ìpele 2. Ìpele 3 jẹ́ 4,000, ìpele 4 jẹ́ 8,000, ìpele 5 jẹ́ 16,000, ìpele 6 jẹ́ 32,000, ìpele 7 sì jẹ́ 64,000. Ẹ rí i pé ìlọ́po méjì ni láti ìpele kan sí èkejì. Nítorí náà, ẹni tó ní ìdajì póìntì rẹ kò sí ní ìdajì ìpele rẹ. Ìpele kan ṣoṣo ló fi wà lẹ́yìn rẹ! Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì máa ń fò kọjá.

Ẹ mú ènìyàn kan àti elf kan tí wọ́n jọ rìn, tí kálukú wọn ti gba 64,000. Ènìyàn ti di jagunjagun ìpele 7. Elf pín tirẹ̀ sí ọ̀nà méjì, 32,000 lápá kan, 32,000 lápá kejì. Ó ti di jagunjagun ìpele 6, ó sì tún ti di oṣó ìpele 5, torí pé oṣó nílò 20,000 fún ìpele 5 àti 40,000 fún ìpele 6. Oṣó ìpele 5 ti lè ju bọ́ọ̀lù iná tó ń jó odidi yàrá ọ̀tá. Ìpele jagunjagun kan ṣoṣo ni elf fi san gbogbo èyí.

Àwọn nǹkan kan wà tó ń pa á lára, mi ò ní fi wọ́n pamọ́. Bí jagunjagun bá ń gba póìntì ẹ̀mí (iye ìpalára tó lè fara dà kó tó ṣubú), dáìsì olójú mẹ́wàá ló ń yí, oṣó sì ń yí olójú mẹ́rin. Ẹni tó da méjèèjì pọ̀ á yí méjèèjì, á sì pín in sí méjì. Ẹ̀mí rẹ̀ kò nípọn tó ti jagunjagun gidi. Bákan náà, nínú ẹ̀dà kejì, kò lè pe ọfọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù irin lọ́rùn, àfi irú èyí tí àwọn elf fúnra wọn hun. Ìwọ̀n gidi nìyẹn, torí pé gbogbo ọjọ́ eré ló ń mú un, láti ìpele kìíní. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó jẹ́ ààlà ìpele.

Ààlà náà ńkọ́? Nínú tábìlì 1989 yẹn, elf lè dé ìpele 12 bíi jagunjagun àti 15 bí oṣó. Jagunjagun nílò 250,000 kó tó dé ìpele 9, láti ibẹ̀ lọ 250,000 mìíràn ni fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìpele 12 wá jẹ́ 1,000,000. Níwọ̀n bí elf wa ti ń pín póìntì rẹ̀ sí méjì, ó gbọ́dọ̀ gba 2,000,000 lápapọ̀ kí ààlà tó fọwọ́ kàn án rárá. Mílíọ̀nù méjì! Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí ọdún méjì, ẹni tó ga jù nínú wa kò kọjá ìpele 9. Ní gbogbo ọdún méjì yẹn, ààlà tí mo ń sọ fáwọn èèyàn pé òun ló mú eré wa dọ́gba kò kan ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹnìkan lè ní ti 1989 dẹ̀, pé ti 1978 le jù ú lọ. Òótọ́ ni. Nínú ìwé 1978, elf tí nọ́ńbà okun ara rẹ̀ kò tó 17 máa dúró ní ìpele 5 bíi jagunjagun. Èyí tètè dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó bá dé: òfin náà ní kó máa pín póìntì rẹ̀ sí méjì lọ bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè gòkè mọ́ nínú ọ̀kan. Ìdajì gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún ń ṣòfò. Ṣáájú ìpele yẹn, ó ń gbádùn kíláàsì méjì ní owó kékeré. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń jìyà. Kò sí ọjọ́ kan tí òun àti ènìyàn tó jókòó tì í wà ní dọ́gbadọ́gba. Halfling ti 1974 tún burú jù, ó dé òpin ayé rẹ̀ ní 8,000 póìntì, láìgba kíláàsì kejì kankan.

Ó dà bí ìgbà tí a fún sárésáré kan láyè kó ṣíwájú ní ìbẹ̀rẹ̀, tí a wá so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó kan ní iwájú. Bí eré ìje bá parí kó tó dé ìdí òpó, ó ti fi ìrọ̀rùn borí. Bó bá dé ibẹ̀, ó dúró pa síbẹ̀, àwọn yòókù á kọjá lọ. Àwọn tó wò ó láti òkèèrè lè ní àṣeyọrí rẹ̀ àti ìṣubú rẹ̀ ti bára wọn mu. Ẹni tó ń sáré kò lè gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ti ènìyàn tó fẹ́ kíláàsì kejì. Ìwé béèrè pé kó ní ó kéré tán 15 nínú agbára (nọ́ńbà bí okun ara tàbí òye) tí kíláàsì àkọ́kọ́ gbára lé, àti 17 nínú ti kejì. Ká ní jagunjagun ìpele 6 ni, pẹ̀lú 32,000. Ó wá di oṣó ìpele 1. Títí yóò fi kọjá ìpele 6 nínú oṣó, bó bá fi ọgbọ́n jagunjagun jà, ìwé á gba póìntì ìjà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣó ìpele 7 jẹ́ 60,000. Ó ti di 92,000 lápapọ̀ kí ó tó lè lo méjèèjì. Elf tó ní 92,000 yẹn? 46,000 lápá kọ̀ọ̀kan: jagunjagun ìpele 6, oṣó ìpele 6, ó sì ti ń lo idà àti ọfọ̀ pọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ènìyàn fi ìpele oṣó kan ṣíwájú rẹ̀, lẹ́yìn tó ti rìn láìfọwọ́ kan idà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lóòótọ́, láti ibẹ̀ lọ, gbogbo póìntì ènìyàn máa wọ inú oṣó nìkan, ó sì máa sáré. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó pa ẹ̀dá ìtàn wọn tì láàárín àkókò aláìnídà yẹn, torí pé oṣó ìpele 1 láàárín àwọn ìpele 6 kì í pẹ́ kú.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń gbèjà ààlà kì í dáhùn. Nínú ìwé 1978, elf, dwarf, gnome (ẹ̀dá kékeré kan tó jọ dwarf), halfling àti half-elf (ọmọ ènìyàn àti elf) kò ní ààlà kankan nínú kíláàsì olè. Bí ààlà bá jẹ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ẹ̀bùn àbínibí àwọn ẹ̀yà yìí, èé ṣe tí elf olè fi ń gòkè láìdúró, pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó ń ríran lókùnkùn àti etí rẹ̀ tó mú?

Mo gbà pé ìdí gidi tí ààlà fi wà hàn nínú ìwé tí Gygax kọ fún àwọn Dungeon Master, ìyẹn àwọn tó ń darí eré, lọ́dún 1979. Níbẹ̀, ó sọ pé orí ènìyàn ni ayé eré náà dá lé, ó sì fi ènìyàn wé oòrùn tí àwọn ẹ̀yà yòókù ń yí ká. Ó fẹ́ ayé tí ìlú àti ìjọba wà lọ́wọ́ ènìyàn. Bí elf bá lè pẹ́ láyé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tó sì lè gòkè láìdúró, báwo ni kò ṣe ní jọba lórí gbogbo wọn? Ààlà dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, nípa irú ayé tí a fẹ́ máa gbé inú rẹ̀ nígbà eré, mo sì bọ̀wọ̀ fún un bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ayé bẹ́ẹ̀, kó pa ààlà mọ́ láìsí ìtìjú. Kó má kàn sọ fún wa pé ìṣirò ló rán òun.

Lọ́dún 2000, ẹ̀dà kẹta yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ̀yà èyíkéyìí lè mú kíláàsì èyíkéyìí, dwarf di oṣó, ènìyàn náà lè da kíláàsì pọ̀ bó ṣe wù ú. Eré kò wó, àwọn èèyàn kò sì dẹ́kun mímú ènìyàn. Ohun tó yí padà ni ìṣirò, ó sì yí padà gidigidi. Láti ìgbà náà, ìpele ni a ń pín, kì í ṣe póìntì mọ́. Ẹni tó ní ìpele 10, tó pín in sí jagunjagun 5 àti oṣó 5, kò lè pe ọfọ̀ tó kọjá ìpele 3 (ọfọ̀ náà ní ìpele tirẹ̀), nígbà tí oṣó 10 tó jókòó tì í ti ń pe ti ìpele 5. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀yìn ní ìpele kan mọ́. Síbẹ̀, títí di òní, mo ń pàdé àwọn Dungeon Master tó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni da kíláàsì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn torí pé "ó lágbára jù". Ìbẹ̀rù 1989 ni wọ́n gbé wọ inú ìwé òfin tí kò ní irú tábìlì yẹn mọ́. Nínú ẹ̀dà 2014, o gbọ́dọ̀ ní 13 nínú agbára tí kíláàsì méjèèjì gbára lé, ẹ̀bùn ìkọlù àfikún tí kíláàsì méjì bá sì jọ fún ọ kì í di méjì. Àwọn ìdàpọ̀ kan ṣì wà tó ń mú ìgbádùn ìpele 1 tàbí 2 jáde ní olówó pọ́ọ́kú, mo mọ̀ wọ́n. Ohun tí kíláàsì yẹn kó sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló fa èyí, ẹ̀yà kò sí níbẹ̀ rárá.

Àwa ṣì ń ṣe ẹ̀dà kejì, torí pé a fẹ́ràn rẹ̀. A ti yọ ààlà ìpele kúrò. Dípò rẹ̀, ènìyàn ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé póìntì rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, a sì ń di òfin ẹ̀wù irin àti póìntì ẹ̀mí mú gírígírí fún àwọn tó da kíláàsì pọ̀. Ẹni mẹ́fà ni wá. Nínú ẹgbẹ́ tó ń rìn lọ́wọ́lọ́wọ́, mẹ́ta jẹ́ ènìyàn, elf kan wà, halfling kan, àti dwarf kan tó jẹ́ jagunjagun àti àlùfáà pọ̀, tó ń béèrè lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bóyá òun ti dé ìpele 6.