Ojú tó máa wo kóòdù yín lẹ ń sanwó fún

Èrò ọkàn mi rèé fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán tí ẹ ń tu owó jọ láti fi ṣe kọ́ọ̀sì kóòdù kíkọ, ìyẹn kíkọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, pàápàá ti àwọn tó ti mọ̀ ọ́n kọ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́. Owó náà kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí tí ẹni tó sanwó bá wá jókòó bí ẹni wá wòran, tó fi fóònù ya gbogbo ohun tí olùkọ́ gbé sójú ògiri, tó gba sáàtífíkéètì, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Èyí tó pọ̀ nínú ohun tí olùkọ́ ń sọ níwájú kíláàsì, ọ̀fẹ́ ni. Python, èdè ìkọ kóòdù tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, ìwé àlàyé rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ máa kà á nígbà tí dátà bá tán. Ti PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, náà wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ ò lè rí lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí jókòó ti kóòdù tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, kó fìka sí ìlà kan, kó ní: "Kí ló dé tí o fi ṣe é báyìí?"

Àwa ọmọ Ìlọrin ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Ọmọ kéwú kì í jókòó gbọ́ ààfáà lásán. Á gbé wàláà rẹ̀ lọ síwájú ààfáà, á ka tirẹ̀ sókè, ibi tó bá ti ṣì í kà ni ààfáà á ti dá a dúró. Ẹni tí kò gbé wàláà wá, kí ni ààfáà fẹ́ bá a tún ṣe?

Nítorí náà, ẹ gbé iṣẹ́ ti ara yín lọ, iṣẹ́ tí ẹnì kan nílò ní tòótọ́. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ kọ kóòdù fún alájọ kan l'Ọ́jà Ọba. Owó ìyá kan tó wà níbẹ̀ jẹ́ ₦10,000. Ìyá ní kí wọ́n fún òun ní ₦6,000 ní ìsọ̀ rẹ̀. Lákòókò kan náà, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Tanke fi fóònù béèrè ₦6,000 nínú owó yẹn. Kóòdù wo owó fún ìyá: ₦10,000, ó tó. Kó tó yọ ọ́ kúrò, ó ti wò ó fún ọmọ: ₦10,000, ó tó. Àwọn méjèèjì gbowó, kóòdù sì yọ ₦6,000 kúrò nínú ₦10,000 tó kà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ ní ó ku ₦4,000, bẹ́ẹ̀ ₦12,000 ti jáde! Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń dán an wò nínú yàrá yín, ẹ ò ní rí àléébù yìí láéláé.

Nínú kíláàsì, olùkọ́ á dárúkọ transaction, ìyẹn kíkó ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan pọ̀ kí gbogbo rẹ̀ jọ yọrí tàbí kó jọ pa rẹ́, gbogbo kíláàsì á mi orí. Ẹni tó ti kọ kóòdù àjọ ló máa nawọ́ sókè pé ṣé ìyẹn nìkan tó. Ibẹ̀ ló ti máa gbọ́ pé kò tó: bí PostgreSQL ṣe máa ń ṣe tí ẹ ò bá sọ nǹkan kan fún un, àwọn méjèèjì ṣì lè ka ₦10,000 yẹn. Ẹ ní láti fi àṣẹ SELECT … FOR UPDATE ti owó náà pa, kí ẹni kejì dúró títí ẹni àkọ́kọ́ á fi parí. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn á tún béèrè: tí iná bá lọ lẹ́yìn tí a ti ní kí báǹkì fowó ránṣẹ́, tí a ò sì tíì kọ ọ́ sílẹ̀ ńkọ́? PostgreSQL lè pa iṣẹ́ tirẹ̀ tí kò parí rẹ́, àmọ́ kò lè bá yín gba owó padà lọ́wọ́ báǹkì. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè owó kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ẹ ti kọ sílẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí báǹkì tó ń gbà á lè mọ̀ pé èyí tó ti ṣe lẹ̀ ń tún bi òun. Irú ìbéèrè báyìí ló ń mú kí olùkọ́ tó mọṣẹ́ gbàgbé aago.

Mi ò lòdì sí ChatGPT o. Àmọ́ tó bá jẹ́ òun ló kọ iṣẹ́ tí ẹ gbé síwájú olùkọ́, kí lẹ fẹ́ dáhùn nígbà tó bá bi yín nípa ìlà yẹn? Ẹ fi Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù, pa kóòdù yín mọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́, kí olùkọ́ lè rí ibi tí èrò yín gbà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: ta ló máa ka kóòdù mi? Ṣé yóò kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Àwa mélòó ni olùkọ́ kan ń bójú tó? Tó bá jẹ́ iye fídíò àti ẹwà sáàtífíkéètì ni wọ́n ń kà fún yín, ẹ di owó yín mú. Tí wọ́n bá ní a ó jọ jókòó tì í ni, ẹ san án, kódà kó wọ́n ju ti àdúgbò kejì lọ.