Àtúnṣe: Ọmọ ìkókó tó ń mu ọmú ò nílò omi

Láti ìgbà tí ooru ti mú, ohùn kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp ní Abẹ́òkúta. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní ká máa fún ọmọ tuntun lómi láti ọjọ́ kẹta, kí ọ̀fun rẹ̀ má baà gbẹ, pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà wo? Kò dárúkọ ẹnì kankan.

Irọ́ ni. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ń sọ ni pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Omi ò sí níbẹ̀, àgbo ò sí níbẹ̀, àfi oògùn tí wọ́n bá kọ fún un nílé ìwòsàn. Omi ló pọ̀ jù nínú ọmú fúnra rẹ̀, ó lé ní ìdá 80 nínú 100. Bí ooru bá mú, ẹ fún un lọ́mú léraléra, kí ìyá náà sì mumi dáadáa.

Ikùn ìkókó kéré. Bí omi bá ti kún un, kò ní fẹ́ ọmú mọ́. Bí omi ọ̀hún bá wá pọ̀ jù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dínkù, gìrì sì lè tibẹ̀ wá. Ká má tíì wá sọ ti omi tí kò mọ́.

Ìyá àgbà kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú bi mí pé, “Ṣé àwa tá a mumi ò dàgbà ni?” Ẹ dàgbà, Ìyá. Àwọn tí ìgbẹ́ gbuuru gbé lọ ni ò sí níbí láti dáhùn.

Ìlédìí ni kẹ́ ẹ máa wò: lẹ́yìn ọjọ́ 5, bó bá ń tutù tó ìgbà 6 lójúmọ́, ọmú ń tó o.