Ilé Wo Ni Àjèjì Yóò Wò Kí Ó Tó Sọ Ọmọ Ní Orúkọ Yorùbá?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé inú òwe yìí ni iṣẹ́ tí ìdílé ń ṣe, òrìṣà tí wọ́n ń bọ, oyè tí wọ́n ń jẹ, àti ohun tí ojú wọn rí nígbà tí a ń retí ọmọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí a bá gbọ́ Àyándélé, a ti mọ̀ pé onílù ni ìdílé náà. Bí a bá gbọ́ Ọ̀jẹ́wálé, ó di ilé eégún. Bí a bá sì gbọ́ Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́, a mọ̀ pé abíkú ti fi ojú ìyá rí màbo.

Lóde òní, àwọn tí kì í ṣe Yorùbá ń tọ̀ wá wá fún orúkọ tí wọn yóò sọ ọmọ wọn. Inú wa a dùn tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi yára ka orúkọ tó dùn létí fún wọn, láìbèèrè ohunkóhun nípa ilé. Níbẹ̀ gan-an ni mo gbà pé a ti ń ṣẹ̀ wọ́n. Ẹni tó sọ ọmọ ní Babátúndé nígbà tí àwọn bàbá àgbà ọmọ náà ṣì wà láàyè ti ka alààyè mọ́ òkú láìmọ̀. Ẹni tó sọ ọmọ kan ṣoṣo ní Táíwò ti di ẹrù lé e lórí, nítorí kò sí Yorùbá tí ọmọ náà yóò pàdé tí kò ní bèèrè Kẹ́hìndé lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbígba orúkọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, àwa náà ti gbà rí. Nígbà tí Àjàyí ará Òṣogùn ṣe ìrìbọmi ní Freetown ní 1825, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan, Samuel Crowther, ni wọ́n fún un. Síbẹ̀ kò ju Àjàyí nù, torí àmútọ̀runwá ni, ó ń ròyìn ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé. David Brown Vincent, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, ní tirẹ̀ pa orúkọ àjèjì tì ní 1894, ó sì di Mọ́jọlá Agbébì.

Ọ̀rọ̀ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí oko ẹrú ni wọ́n ti gba orúkọ ilé lẹ́nu àwọn baba wọn. Walter King, tí wọ́n bí ní Detroit ní 1928, lọ ṣe Ọbàtálá ní Matanzas ní ilẹ̀ Cuba ní 1959, òun sì ni a wá mọ̀ sí Ẹfúntọ́lá Adéfúnmi, tó dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970. Ti Ọbàtálá ni ẹfun, nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ Ẹfúntọ́lá ti mọ ojúbọ tí ọkùnrin náà ń kúnlẹ̀ sí. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe àjèjì sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bèèrè lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ọmọ náà. Bí bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ lókèèrè nígbà tí wọ́n bí i, Abídèmí wà níbẹ̀. Bí ìyá kò tíì dé ilé ìwòsàn tí ọmọ fi dé, Abíọ́nà ni. Bó bá bọ́ sí àkókò ọdún, Abíọ́dún. Orúkọ wọ̀nyí kò bèèrè ìlù, ẹ̀kú tàbí adé lọ́wọ́ ìdílé kankan. Bí ó bá jẹ́ Àyándélé ni wọ́n fi dandan fẹ́, ẹ sọ fún wọn láìfi bò pé ti ìdílé onílù ni, kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí ìbí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmì ohùn sí orúkọ tí wọ́n bá mú, kí ẹ sì gba ohùn yín sílẹ̀ fún wọn bí ẹ ti ń pè é, kí ọmọ lè kọ́ ọ bí a ti ń pè é nílé.