Ṣé Ọta Ìbọn Ń Ní Rìsíìtì Ni?

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tún ní kí Bàbá máa lọ, kí wọ́n padà wá! Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin rèé tí Bàbá béèrè àmì ẹ̀yẹ torí ọgbẹ́ tí wọ́n gbà lójú ogun abẹ́lé Nàìjíríà. Láti Lafẹ́nwá, tọ̀pátọ̀pá, nínú oòrùn Abẹ́òkúta tó lè yan ẹ̀pà. Ọmọdé kan tí ò tíì hu irùngbọ̀n ní, "Bàbá, ìwé dókítà ọdún 1968 dà?"

Ìwé kẹ̀? Nínú igbó, níbi tí wọ́n ti ń ya ẹ̀wù di ẹsẹ̀ ara wọn? Àbí kí wọ́n dúró gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó yìnbọn? Bàbá ò fọhùn. Wọ́n kàn ká ṣòkòtò dé itan. Ibẹ̀ jinnú bí ojú ọpọ́n ayò, àtàǹpàkò mi á wọ̀ ọ́. Ọmọ yẹn ò gbójú kúrò lára fóònù. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé!

Tó bá di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, ìjọba á tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọn á fun fèrè, wọn á ní akọni ni irú Bàbá. Ogun tó ti parí láti 1970! Bàbá ò kúkú béèrè owó o. Irin pẹlẹbẹ kan péré, tí wọ́n máa fi kọ́ àyà agbádá.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ lónìí.