Ọmọlangidi Aláìlórí Lágere

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ gbà mí o. Ìlú táwọn baba wa ti fi idẹ ṣe orí èèyàn, ojú, imú, ètè pé pérépéré, táwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 kàn ṣàdédé já lé e lórí, ìlú yẹn náà la ti wá ń to ọmọlangidi tí ò lórí sẹ́nu ọ̀nà bútíìkì. Àwọn baba ṣe orí láìsí ara, àwa ń ra ara láìsí orí. Ọ̀làjú dé!

Èyí tí mo rí ní Lágere, mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ológeere síbẹ̀, wọ́n gbé àpótí tì í, òdòdó oníke, agbòòrùn, wọ́n wá wọ kóòtù lé súwẹ́tà fún ọmọlangidi kan, nínú oòrùn Ifẹ̀ yìí o! Wọ́n ní kí oníbàárà lè máa fojú inú rí ara ẹ̀ nínú aṣọ ni. Èmi náà fojú inú wò ó, mo rí ara mi ní géètì Yunifásítì, mò ń làágùn, mò ń sáré lé kọ̀rọ̀pẹ̀.

Gáùn ọmọlangidi kejì ló pa mí. Mo ní, báàgì ọwọ́ ẹ̀ yẹn ńkọ́?

"Mọ́mì, ti display ni."

Bàtà ńkọ́? "Display ni, mà."

Bẹ́líìtì? "Ẹ má bínú mà, ti ọ̀gá wa ni."

Gbogbo nǹkan tó mú gáùn yẹn dáa pátá, kò séyìí tó wà fún títà. Aláṣọ Odò-Ògbè á ró ìró mọ́ ara ẹ̀ hàn ẹ́ ni, á yí síbí á yí sọ́hùn-ún, ìyẹn lórí, ó nídìí, ó sì lẹ́nu téèyàn lè bá nájà.

Mo rà á ṣá. Ojú ò kúrò lára ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń bọ́ ọ ni mo tó rẹ́yìn ẹ̀: pín-ìn-nì mẹ́jọ! Wọ́n fún un pọ̀ bí ẹni ń di ẹ̀kọ, níwájú ìyàwó gómìnà, lẹ́yìn àpò ìrẹsì, mo sì ti sanwó, wọn kì í dáwó padà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọmọ mi bá mi fi pín-ìn-nì mẹ́jọ dè é padà. Wọ́n ń kọrin ìyìn, gbogbo ìjọ ń jó, èmi dúró gbọn-in gbọn-in, mi ò lè bẹ̀rẹ̀, mi ò lè jókòó, ó kù díẹ̀ kí wọ́n gé orí mi.