Ọyẹ́ kọ́ ló ń kó èérí sábẹ́ tíńtì yín, rọ́bà ilẹ̀kùn ni

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé Corolla wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere. Ó béèrè iye tí mo ń gbà lẹ tíńtì sí gíláàsì ọkọ̀, mo sọ fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ó di ìgbà tí ọyẹ́ bá lọ kí n tó padà wá o, kí eruku má baà wọ abẹ́ rẹ̀.” Ẹnì kẹta tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń lẹ tíńtì, Iléṣà ni mo ti kọ́ ọ kí n tó kó wá sí Ifẹ̀, kò sì sí ọdún tí mi ò gbọ́ ọ. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń da epo sí ọkọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí Ìbàdàn, nítorí wọ́n gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ní éésì, wọ́n sì máa ń tilẹ̀kùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyanrìn àti irun wẹ́wẹ́ tí ẹ ń rí lábẹ́ tíńtì, afẹ́fẹ́ kọ́ ló gbé e wá. Inú rọ́bà tí gíláàsì ilẹ̀kùn ń gbà wọlé ló ti jáde.

Ẹ súnmọ́ ọkọ̀ kan tí tíńtì rẹ̀ ní èérí, kí ẹ wò ó dáadáa. Ibo ni èérí yẹn pọ̀ sí? Ìsàlẹ̀ ni, níbi tí gíláàsì ti ń wọ inú ilẹ̀kùn, kò sì ju ìka 2 tàbí 3 lọ sókè. Díẹ̀ á tún wà ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí rọ́bà ti di gíláàsì mú. Àárín á mọ́ nini. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń gbé e wá, ta ló sọ fún afẹ́fẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ni kó bà sí? Ẹ tún wo gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn, èyí tí kì í lọ sókè tí kì í bọ̀ sílẹ̀. Tíńtì kan náà ni, ọjọ́ kan náà, ọwọ́ kan náà ló lẹ̀ ẹ́, inú eruku kan náà. Ó máa ń mọ́ ju ti ilẹ̀kùn lọ.

Èmi náà gba ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yẹn gbọ́ nígbà kan. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn: wọ́n omi sílẹ̀, ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbálẹ̀. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá dúró, nínú oṣù Keje, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Gbogbo ọ̀nà di ẹrẹ̀, eruku kankan ò sí níta. Mo lẹ tíńtì Camry dókítà kan. Nígbà tí omi gbẹ, ìyanrìn ló tò sí ìsàlẹ̀ gíláàsì ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni wọ́n iyọ̀. Owó ara mi ni mo fi tún un ṣe. Ṣé ọyẹ́ ló fẹ́ nínú òjò oṣù Keje?

Ọjọ́ yẹn ni mo wé aṣọ funfun mọ́ káàdì tí a fi ń ti omi, mo tì í bọ àárín rọ́bà àti gíláàsì, mo sì wọ́ ọ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ó pupa nígbà tó jáde, bí aṣọ tí wọ́n fi nu ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣeré nínú yẹ̀pẹ̀. Ìyanrìn wà lára rẹ̀, irun dúdú wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, apá kòkòrò kan náà wà níbẹ̀. Mo wọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà kí aṣọ tó jáde ní mímọ́. Mo sì ti fọ gíláàsì yẹn tẹ́lẹ̀ o, mo ti fi abẹ họ ọ́.

Ẹnu rọ́bà yẹn ní irun bí ti aṣọ àrán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa nu gíláàsì bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ohun tó bá nù kúrò, ara rẹ̀ náà ló ń kó o sí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀. Omi ọṣẹ la sì fi ń lẹ tíńtì, kó lè máa yọ̀ títí a ó fi tò ó síbi tó yẹ. Omi yẹn á ṣàn wọ inú rọ́bà, á tú ìdọ̀tí sílẹ̀. Tí a bá wá fi káàdì ti omi sísàlẹ̀, á lu rọ́bà, á ta padà sókè pẹ̀lú ìyanrìn. Ẹ̀yìn tíńtì jẹ́ gọ́ọ̀mù, bí àtè ló rí: ohun tó bá ti kàn án ti há nìyẹn.

Nítorí náà, rọ́bà ni mo kọ́kọ́ ń bá jà. Ní gbígbẹ ni mo ń bẹ̀rẹ̀: mo máa fi ẹ̀rọ fọ́káníṣà fẹ́ ẹ, mo máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n, nítorí tí omi bá kọ́kọ́ kàn án, ó ti di ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aṣọ tútù, títí yóò fi jáde ní mímọ́. Mo máa fi tépù oníbébà bo ẹnu rọ́bà kí n tó fọ gíláàsì, mi ò sì ní fọ́n omi kọjú sí i mọ́. Òkè ni mo ti ń lẹ̀ ẹ́, ọ̀rá tó bo gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn tíńtì á ṣì wà lára ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tí òkè bá dúró tí gíláàsì sì ti gòkè tán ni mo máa ń bó ìyókù, tí mo máa ń fa rọ́bà sẹ́yìn díẹ̀ kí n tó ki etí tíńtì bọ̀ ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá fa káàdì ni mo ń nù ún. Ẹ sì sọ fún àwọn tó ń fọ ọkọ̀ yín kí wọ́n yé fi nǹkan dídán tí wọ́n ń fi pa táyà pa rọ́bà yẹn. Ibi tó bá kàn, gọ́ọ̀mù ò ní mú un.

Lóòótọ́, bí a bá ń bó ọ̀rá ẹ̀yìn tíńtì, ó máa ń fa eruku mọ́ra, ẹyọ kan tàbí méjì lè ti inú afẹ́fẹ́ wọlé sí àárín gíláàsì. Omi tí a bá fọ́n sí i bí a ṣe ń bó o ló ń dín in kù.

Ọmọ oní-Corolla yẹn, aṣọ funfun kan náà ni mo fi wọ́ inú rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó ní, “Nínú ọkọ̀ mi?” Ọjọ́ náà gan-an la lẹ̀ ẹ́, nínú ọyẹ́. Mo kìlọ̀ fún un pé kó má sọ gíláàsì sílẹ̀ títí ọjọ́ 5. Ó pè mí lánàá pé òun rí nǹkan tó wú. Mo ní kó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ń sá lábẹ́ ìka. Omi nìyẹn, á gbẹ. Tó bá jẹ́ pé ó dúró gan-an ni, ìyanrìn ni, à bá ká tíńtì gíláàsì yẹn kúrò, ká lẹ òmíràn.